Ẹ̀san Tó Ṣi Ilé Wọ̀

Akínjídé kì í mutí. Kì í fa sìgá, kò fi oògùn sápò rí, kò sì lé obìnrin kiri. Bí o bá dé ìjọ tó ń lọ ní Fairburn, ní ìhà gúúsù Atlanta, tí o sì ní kí wọ́n fi Kristẹni gidi hàn ọ́, òun ni wọn yóò nawọ́ sí. Òun ló ń darí àdúrà ní àárọ̀ Sátidé. Òun ló ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ọjọ́ Ìsinmi, níbi tó ti máa ń ṣàlàyé bí ọmọ Ọlọ́run ṣe ń kúrò ní ìkókó tó sì ń dàgbà nínú ẹ̀mí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó ń tọ́ bí ẹni ń tọ́ ọmọ. Ìwọ tó ń ka ìwé kékeré yìí, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé o pọn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn láìmọ̀.

Akínjídé ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Babáfẹ́mi. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, wọn kò ní ibi tí wọ́n máa fi orí lé. Aunty Hanifah ló gbà wọ́n sílé. Bàbá obìnrin yìí tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tó sì gba Jésù, ó ní òun kò ní í ju orúkọ tí bàbá òun fún òun nù. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló ń ṣe. Bí Akínjídé bá ti ibi iṣẹ́ dé ní àárọ̀, tí òtútù ti mú kí ọwọ́ rẹ̀ gan, yóò bá ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín lórí tábìlì. Obìnrin náà kì í bi í bóyá ó ti jẹun. Ó máa ń sọ fún un pé, “Jókòó, ọmọ mi.”

Nígbà tó yá, Akínjídé di ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá ní Union City, ó sì gba ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Babáfẹ́mi dúró sí ìsàlẹ̀ ilé Aunty. Àwọn ẹbí Akínjídé ti bá a tọrọ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́tọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì ti ṣe ìdána. Mọ́tọ́lá rí ìwé ìrìnnà gbà láti wá kàwé ní Atlanta. Nítorí pé òru ni Akínjídé ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, tó sì máa ń sùn lọ́sàn-án, ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Fẹ́mi, jọ̀ọ́ máa bá mi fi ọkọ̀ gbé e lọ sí school, kó o sì máa gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì mọ ọ̀nà.”

Babáfẹ́mi ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀. Kí ọdún tó yí po, Mọ́tọ́lá wá bá Akínjídé pẹ̀lú omijé lójú, ó bọ́ òrùka ìdána lọ́wọ́, ó gbé e lé orí àga, ó ní ọkàn òun kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Akínjídé kò bi í léèrè ẹni tí ọkàn náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti mọ̀.

Inú ìjọ kan náà ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Pásítọ̀ Ọláníyọnu ní ìdána kì í ṣe ìgbéyàwó, kò sì sí òfin tó lè fi dí wọn lọ́nà. Akínjídé lọ síbẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe di ọwọ́ Babáfẹ́mi mú, ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, “Ìwọ yìí, màá rí ẹkún lójú rẹ.”

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀san ti di oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ń wẹ̀, ẹ̀san ló ń rò. Bó bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, á máa rí Babáfẹ́mi lójú inú rẹ̀, á rí i lórí ìkúnlẹ̀, á rí i tó ń bẹ̀bẹ̀, òun á sì kọ etí ikún sí i. Àlá yìí dùn mọ́ ọn ju orin lọ.

Ìjọ náà sì pín sí méjì. Àwọn kan ní wọ́n hùwà ọ̀dàlẹ̀ sí Akínjídé, àwọn kan ní ìfẹ́ kì í ṣe tipátipá. Àwọn tó wà lẹ́yìn Akínjídé ń jókòó sápá òsì, àwọn tó wà lẹ́yìn Babáfẹ́mi ń jókòó sápá ọ̀tún. Tí wọ́n bá ń gba oúnjẹ Olúwa, wọn kì í wo ojú ara wọn. Àwọn akọrin pàápàá kì í gba orin lẹ́nu ara wọn mọ́. Bí Pásítọ̀ bá sì wàásù lórí ìṣọ̀kan, apá méjèèjì á kígbe “Àmín,” oníkálukú á sì rò pé apá kejì ni wọ́n ń bá wí.

Akínjídé ló ń fẹ́ iná náà. Ní àdúrà Sátidé, ó kọ́ wọn ní irú àdúrà kan. Á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á ju ọwọ́ sókè, á ní, “Ẹni tó bá da ilé mi rú, kí ilé tirẹ̀ má tòrò! Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ mi tó sì tún gbẹ́ kòtò fún mi, kí ó má rí ibi gbé orí lé!” Àwọn èèyàn á sì ké “Àmín” títí ohùn wọn á fi há. Arábìnrin Bridget, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú àdúrà náà, mọ gbogbo rẹ̀ sórí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kìlọ̀ fún un. Uncle Nathaniel, àgbàlagbà kan nínú ìjọ náà tó tún ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà ìsinmi ibi iṣẹ́.

“Akínjídé, wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Mi ò ní í sọ pé wọn ò ṣẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èpè lò ń ṣẹ́ tó ò ń pè é ní àdúrà. Ara Kristi lò ń fà ya.”

Akínjídé rẹ́rìn-ín músẹ́. “Sir, èmi kọ́ ni mo fà á ya. Ẹ lọ bá Babáfẹ́mi.”

“Mo ti bá a. Ìwọ ni mo wá bá báyìí.”

“Mo gbọ́, sir,” ni Akínjídé wí. Ṣùgbọ́n kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń gbààwẹ̀ pọ̀, Babáfẹ́mi ti sọ àṣírí kan fún Akínjídé. Bàbá rẹ̀ kú nílé, owó ilé-ìwé dá, ó kúrò ní school, ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì ti kọjá àkókò. Kò ní pépà. Ó sọ ọ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bá a gbàdúrà sí i ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Akínjídé jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ìkẹ́rùsí, ó ti wíńdò, ó sì pe nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tú àṣírí èèyàn fún àwọn Immigration. Ó sọ orúkọ Babáfẹ́mi. Ó pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í kọ. Ó sọ àdírẹ́sì ilé tí wọ́n jọ gbé rí ní Fairburn, ó sì ní ìsàlẹ̀ ilé ni ẹni tí wọ́n ń wá máa ń sùn. Nígbà tó parí, ó fi fóònù sílẹ̀, ó jẹ búrẹ́dì tó gbé wá láti ilé. Kò jẹ oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun kan wà tí kò mọ̀, nítorí pé ìkórìíra ti gbé e jìnnà sí ilé náà. Babáfẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Fayetteville. Aunty Hanifah nìkan ló kù síbẹ̀.

Àwọn agbófinró dé ní àárọ̀. Wọn kò bá ẹni tí wọ́n ń wá. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ni wọ́n bi ní ìbéèrè. Ta ni ọ́? Ìlú wo lo ti wá? Ìwé rẹ dà? Aunty Hanifah, tó ti gba ọ̀pọ̀ aláìnílé sílé, kò ní pépà òun náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n mú un lọ pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ni Akínjídé wà nígbà tí ìròyìn dé. Ẹni tó pè é kàn ń sunkún lórí fóònù pé, “Wọ́n ti mú Aunty o! Wọ́n ti mú Aunty!” Ó jókòó sórí páálí kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé, gbogbo ìjọ péjọ. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, kò sí apá òsì, kò sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́ ló kó wọn jọ. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹnì kan ló lọ ta Aunty, gbogbo wọn sì fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni náà.

Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, Mọ́tọ́lá wá bá Akínjídé níbi tó jókòó sí. Wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó.

“Brother Akínjídé, Aunty pè mí láti ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ní kí n fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ilé tó wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ẹ̀yin làwọn fọkàn tán, kí ẹ jọ̀ọ́ báwọn máa yọjú síbẹ̀.”

Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i lọ́wọ́.

Wọ́n ní kí Akínjídé wá darí àdúrà. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn òun. Bridget bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ju ọwọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

“Ẹni tó jẹ oúnjẹ Aunty tó sì gbẹ́ kòtò fún wọn, kí ó má rí ibi gbé orí lé!”

“Àmín!”

“Ibi tó sá pa mọ́ sí, Ọlọ́run, fà á jáde! Bó bá jókòó sínú ilé yìí, kí ó má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde!”

“Àmín!” Ilé náà mì. Ẹnì kan ń gbá àga mọ́lẹ̀. Babáfẹ́mi ń gbọn orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, òógùn bò ó, ó ń ké pé, “Fi í hàn mí, Olúwa! Kàn fi í hàn mí!” Àárín gbogbo wọn ni Akínjídé dúró sí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lókùúta. Arákùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ó ní, “Brother, ẹ ṣe àmín kẹ̀!”

Ó sáré jáde.

Uncle Nathaniel bá a láàárín àwọn ọkọ̀ tó wà níta, ó dì mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Kí ló dé?”

“Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, sir.”

“Akínjídé, kí ló dé?”

“Èmi ni. Èmi ni mo pè wọ́n. Babáfẹ́mi ni mo fẹ́ kí wọ́n mú. Mi ò mọ̀ pé ó ti kó kúrò níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Aunty ò ní pépà.”

Àgbàlagbà náà fà sẹ́yìn.

“Ó wù mí kí n gbá ọ létí,” ló wí. “Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí.”

“Ẹ gbá mi, sir.”

“Tí mo bá gbá ọ, Babáfẹ́mi náà á gbá ọ. Ìwọ á gbá a padà. Àwọn ọmọ yín á gbà á bí ogún. Níbo ló fẹ́ dúró sí?” Ó sún mọ́ ọn. “Mo mọ ibi tó dúró sí. Gbogbo ẹ̀san tó yẹ kí Ọlọ́run gbà lára èmi àti ìwọ, ara Ọmọ rẹ̀ ló ti gbà á, lórí igi àgbélébùú. Kò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lépè níbẹ̀. O ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń dàgbà nínú ẹ̀mí, Akínjídé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọn ò tíì bí ọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Láti kékeré ló ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ orin, ó mọ ẹsẹ Bíbélì, ó mọ ààwẹ̀. Kò mọ Jésù. Ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré láàárín ọkọ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ni ariwo èpè ń jáde bọ̀ láti inú ilé.

Ó ní, “Ọlọ́run, èmi ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ yẹn tọ́ sí. Mi ò ní àwíjàre. Jésù, bó bá jẹ́ pé ìwọ lo gbà á sára nítorí mi, ṣàánú fún mi. Gbà mí lọ́wọ́ ara mi.”

Kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Kò gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá ìkórìíra Babáfẹ́mi níbi tó máa ń gbé e sí lọ́kàn rẹ̀, kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ẹkún ló bá níbẹ̀.

Uncle Nathaniel gbé e dìde. “Ó ku ibì kan.”

“Ibo ni, sir?”

“Inú ilé.”

Akínjídé wọlé padà, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Bridget, ó ní, “Ẹ má wá a kiri mọ́. Èmi ni.” Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ilé dàrú. Babáfẹ́mi fo àga kọjá. Ó ti di ọrùn ẹ̀wù Akínjídé mú kí àwọn ọkùnrin tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Akínjídé kò gbé ọwọ́ sókè. Bridget ń pariwo pé kí wọ́n lé e síta bí ajá. Mọ́tọ́lá jókòó sílẹ̀, ó fi aṣọ bo ojú. Pásítọ̀ Ọláníyọnu dúró sí àárín wọn, ó ń sunkún lójú gbogbo ìjọ.

Ó ní, “Ẹ gbọ́ ara yín! Láti ìgbà tí ẹ ti pín sí méjì, ta ni nínú yín tí kò ti ṣe irú èyí lọ́kàn rẹ̀? Akínjídé pe fóònù. Àwa ń pe ọ̀run!”

Oníkálukú wọn fi ara balẹ̀ wá ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lọ sílé.

Akínjídé wakọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n há Aunty Hanifah mọ́, lọ́nà jíjìn ní ìsàlẹ̀ Georgia. Gíláàsì wà láàárín wọn. Ó gbé fóònù tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún un. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

“Ìwọ tí mo ń gbé oúnjẹ dè,” ló wí. “Máa lọ, Akínjídé. Mi ò lè wo ojú rẹ lónìí.”

Ó gbé fóònù kọ́, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Akínjídé lọ. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí jì òun, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé òun kò lè fi ìdáríjì Ọlọ́run fipá gba ti èèyàn.

Ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà ni obìnrin náà pè é fúnra rẹ̀. “Mo bá Ọlọ́run jà lórí ọ̀rọ̀ rẹ,” ló wí. “Mo ní kí ó bá mi jẹ ọ́ níyà. Ó kọ̀. Ó ń fi àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tèmi hàn mí dípò tìrẹ, àwọn tó ti dárí rẹ̀ jì mí. Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Mi ò ṣe é nítorí pé ó rọrùn o. Tí ẹ ò bá tíì tú ìjọ náà ká, ìwọ àti Babáfẹ́mi ni kí ẹ bá mi kó ẹrù mi. Ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn.”

Wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà. Àdúrà kò dá a dúró, lọ́yà kò dá a dúró. Iléṣà ló wà lónìí, nínú ilé àbúrò rẹ̀. Mi ò ní í parọ́ fún ọ, ìwọ òǹkàwé: ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run bá dárí jì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì pàdé nínú ilé Aunty ní Fairburn. Wọ́n kó abọ́, wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó ibùsùn, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan ẹ̀rọ ńlá tó ń mú oúnjẹ dì, ó wúwo ju agbára ẹnì kan lọ.

“Gbé apá ọ̀dọ̀ rẹ sókè díẹ̀,” ni Babáfẹ́mi wí.

Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Babáfẹ́mi sọ ọ́ kalẹ̀ lójijì, ó sì fara ti ògiri.

“Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn Mọ́tọ́lá,” ló wí. “Lójoojúmọ́ tí mo ń gbé e lọ, mo mọ̀. Mi ò wá bá ọ rí kí n sọ pé mo jẹ̀bi. Mo jókòó sápá ọ̀tún, mo ń gba oúnjẹ Olúwa.”

“Fẹ́mi, èmi ni mo tà ọ́.”

“Mo mọ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa kórìíra rẹ.”

Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù láàárín wọn, wọ́n sunkún bí ọmọdé, wọ́n sì jùmọ̀ gbé e jáde.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Má wo ọ̀tún, má wo òsì. Ta ni orúkọ rẹ̀ ń gbóná lọ́kàn rẹ bó o ṣe ń kà á yìí? Ìyá ọkọ rẹ ni? Ẹni tó gba ipò rẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin ni? Ọ̀rẹ́ tó dà ọ́ ni? Ó lè jẹ́ òótọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Ọlọ́run kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tó ń sọ ni pé tirẹ̀ ni ẹ̀san, kì í ṣe tìrẹ. Bó o bá jà á gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, o kò ní í mọ ilé tí yóò wọ̀.

Má sọ fún mi pé o jẹ́ ọmọ ìjọ. Akínjídé jẹ́ ọmọ ìjọ. Má sọ fún mi pé o ń gbààwẹ̀. Ó gbààwẹ̀ jù ọ́ lọ. Ṣé wọ́n ti tún ọ bí? Bí ọkàn rẹ bá ń ṣẹ́ èpè fún arákùnrin rẹ, tí ẹnu rẹ sì ń kọrin sí Baba rẹ̀, ọkàn náà kò tíì mọ Baba.

Jésù gba ìyà tó tọ́ sí ọ, ó sì gba ìyà tó tọ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́, nínú ara kan náà. Wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, níbi tó o jókòó sí. Sọ orúkọ ẹni náà fún un. Sọ ohun tó o fẹ́ kó dé bá a, má fi pa mọ́, nítorí ó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé ìwọ gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀ tó yẹ kó dé bá, kó sì ṣàánú fún ọ. Kò ní í lé ọ padà.

Nígbà tó o bá sì dìde lórí eékún rẹ, má tíì lọ jẹun. Gbé fóònù rẹ, kó o pe ẹni yẹn.